Ilẹ̀ Ẹlẹ́rẹ̀ Kì Í Ṣe Títà

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀, wọn kò sì fi yìn ín. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí adágún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ dúdú á bò ó láti ẹsẹ̀ dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe gba àárín àdúgbò kọjá, tí ẹrẹ̀ á máa já bọ́ lára rẹ̀ sórí títì, tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn á máa kùn lábẹ́ imú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, ó ní òun ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ìyá ọkọ òun. Ló bá ń jẹ́ ẹ.

Ìsàlẹ̀ adágún ni ilẹ̀ tó ń sọ ọ́ di ẹlẹ́rẹ̀ yìí wà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáko síbẹ̀, nígbà tí ọkọ sì kú, ó di tirẹ̀. Nígbà òjò, omi ló ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹja á máa rìn níbi tí ẹ̀wà ti so. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á lọ, amọ̀ á kù. Amọ̀ náà wúwo, kì í sì í jẹ́ kí omi kọjá nínú rẹ̀. Ẹni tó bá da igbá omi kan sí i láàárọ̀ á bá omi náà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, á kàn ti pọ́n ni. Bó bá tutù, á lẹ̀ mọ́ ọkọ́ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Bó bá gbẹ tán, á le bí òkúta, á sì là yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀, tí ewúrẹ́ lè ki ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ kí ó má lè yọ ọ́. Láàárín ìgbà tó ń lẹ̀ àti ìgbà tó le yẹn, ọjọ́ díẹ̀ báyìí ló ń gbà fún ènìyàn láti fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá yára ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, kó máa lọ sílé.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ mọ̀ tí wọ́n fi ń bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lò. Omi adágún kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń fà bí ẹni tó ń ká ẹní. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e. Inú omi gan-an ló máa ń gbà rìn, nítorí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó fẹ́ gbìn nǹkan sí. Á bu amọ̀ díẹ̀ níbi tí omi ti kúrò, á yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Bó bá gùn bí ekòló tí kò já, á jù ú nù, á padà sílé. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, á gbé pákó gígùn kan lé ilẹ̀, á dúró lórí rẹ̀, á fi igi ṣóńṣó lu ihò, á ju ẹ̀wà tàbí èso elégédé sí i, á sì tún sún pákó síwájú. Kì í kọ ebè, kì í fi ọkọ́ tú u. Amọ̀ tútù tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀ máa ń dì ni, gbòǹgbò kankan kò sì ní ríbi gbà nínú rẹ̀ mọ́ títí omi á fi tún dé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì létí títì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló gbé àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn nínú ọkọ̀ tó fi ń kó símẹ́ǹtì, òun náà ló sì fi ọkọ̀ kan náà gbé òkú rẹ̀ padà, láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò lè rí ohunkóhun kí ó kàn wà nílẹ̀. Bí àga bá ṣófo, á ní kí ẹnì kan jókòó sí i tàbí kí wọ́n gbé e fún aládùúgbò. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń sun bíríkì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní òun ń wá ibi tí òun ti lè máa gbẹ́ amọ̀, ìsàlẹ̀ adágún ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rántí. Ọkùnrin náà, Alábíríkì, lọ wò ó. Ó ní amọ̀ tó wà níbẹ̀ á sun bíríkì títí ọmọ ọmọ òun á fi hewú. Nǹkan kan ṣoṣo ló bẹ̀. Níbi tí òun ti gbẹ́ ilẹ̀ rí, opó kan wá jókòó sínú kòtò òun, kò sì dìde títí wọ́n fi délé ẹjọ́. Nítorí náà, òun kò ní ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ yìí àfi bí ìyàwó olóògbé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun, lójú kojú, pé òun gbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé pálọ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Ilé gígùn ni ilé wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàárín, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ló ni yàrá iwájú àti pálọ̀. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn. Láàárín wọn ni àbúrò tó kéré jù àti ìyàwó rẹ̀ wà. Iṣẹ́ iná mànàmáná lọkùnrin náà ń ṣe, kì í sì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀, gbogbo ilé sì ń pè é ní Aránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá, kò sì sí ohun tí kò lè ṣe fún Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀, ìyáálé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ilẹ̀ tó ń wẹ̀ fún ìdajì ọdún kì í ṣe ilẹ̀, ẹja ló ni ín. Ó ní ìyà tí ìyàwó àbúrò òun ń jẹ níbẹ̀ ń dójú ti òun, pé bó bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn oníbàárà òun á máa wo òun. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ní ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ̀wà tí wọ́n jẹ lánàá ti wá ni. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò sọ pé kò so, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń so: díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí orí ọmọ tí làpálàpá mú.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò tí kì í sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bóyá ká ní wọn kò rẹ́rìn-ín ni, ìpàdé ìbá parí síbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tó bá sì ti sọ, kì í yẹ̀ ẹ́. Bó bá ní òun ń bọ̀ lọ́la, kí wọ́n ti máa rokà sílẹ̀ dè é. Nítorí èyí, nígbà tó dìde dúró nínú pálọ̀, gbogbo wọn kọjú sí i.

“Lọ́dún yìí,” ó ní, “láti etí dé etí ló máa hu. Bó bá ṣẹ́ ku ibi tó tó ẹní kan péré tí kò hu, ẹ pe alábíríkì yín wá. Màá sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé kó gbé e.”

Ẹ̀gbọ́n wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Gbogbo yín gbọ́,” ó ní.

Kí Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ tó jókòó padà ló ti mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Ìbínú ló yá ẹnu rẹ̀ lò. Ilẹ̀ náà kò hu láti etí dé etí rí, àní nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé tí àwọn méjèèjì jọ ń sún pákó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ sì ni.

Ọdún náà kò kọ́kọ́ burú. Òjò dáwọ́ dúró nígbà tó yẹ, omi sì ń fà sẹ́yìn. Apá ọ̀tún ilẹ̀ náà ga díẹ̀, ibẹ̀ ni omi ti máa ń kọ́kọ́ kúrò. Ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ gbin ẹ̀wà, ó gbin elégédé, ó sún pákó títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ké. Nígbà tí omi fi máa kúrò lápá òsì, ẹ̀wà apá ọ̀tún ti gbé orí sókè, elégédé ti ń na ọwọ́ kiri. Ó ku apá òsì. Ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni amọ̀ ti nípọn jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ní sùúrù jù.

Ìgbà yẹn ni ibà dá a dúbúlẹ̀.

Ó ń làágùn, ó ń gbọ̀n, kò lè dá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Aránṣọ ló ń se oúnjẹ fún un, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń sá láti ìdí ẹ̀rọ wá wò ó. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ilẹ̀, nítorí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ó ṣì ku díẹ̀ kí ó tó ṣe é gbìn. Ṣùgbọ́n Aránṣọ fúnra rẹ̀ lọ wò ó. Ó dúró sí òkè, ó rí i pé ojú ilẹ̀ ti funfun, ó ti ń là wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ iyanrìn ni wọ́n bí Aránṣọ sí. Níbẹ̀, bí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ, inú rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn, ẹni tó bá sì fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ebi ló máa jẹ. Ó rò pé ọjọ́ ti ń lọ lórí ìyáálé òun, pé wọ́n máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lórí ẹní àìsàn. Ló bá lọ kó àwọn obìnrin tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ jọ, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n sì ya bo apá òsì.

Ó padà wá sí yàrá ẹ̀yìn nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ẹ̀rín dé etí rẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ má ronú mọ́. A ti bá yín parí ẹ̀. Ebè tí a kọ síbẹ̀, ẹ máa yangàn.”

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. “Ebè?”

“Gbogbo ẹ̀ pátá.”

“Pákó ńkọ́?”

“Pákó wo?”

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ wá aṣọ rẹ̀ kiri lórí ibùsùn, ó rí i, ó ró o, ó di ògiri mú títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Aránṣọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dìde, ó ti jáde. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, oòrùn kò tíì wọ̀. Àwọn ebè náà tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń dán bí ọṣẹ tútù. Wọ́n lẹ́wà. Láàárín ebè àti ebè, ojú ẹsẹ̀ àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀, ìka ẹsẹ̀ márààrún hàn kedere lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi sì ti ń sun sínú wọn.

Ó lè bú u. Ọ̀rọ̀ èébú wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ Aránṣọ, tí ọkọ́ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ọwọ́ tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀. Ohun tó rí sọ kò ju, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Bó ṣe sọ ọ́ ni Aránṣọ fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ṣàlàyé fún un lọ́nà, pẹ̀lú ìsinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Aránṣọ fi jókòó sétí ọ̀nà tó bú sẹ́kún, àwọn tó ń kọjá sì rò pé àwọn méjèèjì ń jà.

Oòrùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ebè náà kọ́kọ́ dẹ́kun dídán, wọ́n wá funfun bí eérú, wọ́n wá di òkúta. Èso tí wọ́n gbìn sínú wọn rà. Díẹ̀ yọ orí, ó pọ́n, ó kú. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà, ó gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀, eéku ọkọ́ kán. Ó pọn omi, omi jókòó sórí amọ̀ bí àlejò tí wọn kò ní kó wọlé. Lápá ọ̀tún, elégédé ti ń tóbi. Lápá òsì, kò sí ohun tó ń mí. Kì í ṣe ẹní kan, wọ́n lè tẹ́ ẹní ìyẹ̀wù gbogbo àdúgbò síbẹ̀ kí àyè má tán.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dun Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ jù. Ó kàn rán àbúrò tí kì í sọ̀rọ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn pé Alábíríkì ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ìyàwó àwọn múra.

Aránṣọ ti ń ran kọ́là aṣọ mọ́ ibi ìdodo láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà náà, ó pa ẹ̀rọ tì, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ní òun ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Elégédé kì í jókòó sójú kan, ó ń rìn ni. Àwọn ìtàkùn apá ọ̀tún ti gùn débi pé wọ́n ń gun orí ara wọn. Bí wọ́n bá fà wọ́n kọjá sí apá òsì, tí wọ́n tẹ́ ewé wọn sórí àwọn ebè, tí wọ́n sì hú ẹ̀wà díẹ̀ kì bọ inú ibi tó là, ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, nítorí bàtà rẹ̀. Láti òkè ló máa wò ó, á rí ewé láti etí dé etí, ó parí.

“Ṣebí àwọn onílé náà ń kun ilé tó ti sán lọ́dà kí wọ́n tó fi háyà,” Aránṣọ ní.

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ibà. Wọ́n lọ.

Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n gbé ìtàkùn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n to ewé kó kọjú sókè. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ìdajì apá òsì ti di ọgbà. Aránṣọ gun òkè lọ wò ó, ó pàtẹ́wọ́, ó ní ká ní òun kò mọ̀, ì bá tan òun náà jẹ. Ó ní ewé kan ń yí ojú, kí Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ fi amọ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti rántí ọjọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá wò ó fún ìyàwó. Ìyá rẹ̀ yá bàtà fún un lọ́wọ́ aládùúgbò. Bàtà náà há. Ó dúró láàárín ilé, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Wọ́n ní ó dára. Inú gbogbo ilé dùn. Òun nìkan ló mọ̀ pé bàtà ni wọ́n yìn.

Ó jókòó sórí ebè kan, ó wo ilẹ̀ náà. Láti ìgbà òjò ló ti ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dára, kó hu, kó má ṣe dójú ti òun, kí wọ́n má bàa gbà á lọ́wọ́ òun. Nísinsìnyí ó ti ń wọṣọ fún un. Bó bá sì tan Ẹ̀gbọ́n jẹ lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ta ló ní kí òun máa fi ìkórè ra ohun tó jẹ́ ti òun, lọ́dọọdún, títí òun á fi kú?

Ó dìde, ó di ìtàkùn àkọ́kọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á padà.

Aránṣọ sáré sọ̀ kalẹ̀. “Ìyá mi, kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń dá elégédé padà sílé ẹ̀.”

“Wọ́n máa rí i.”

“Jẹ́ kí wọ́n rí i.”

“Ẹ ti ṣèlérí. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa.”

“Mo mọ ohun tí mo sọ,” Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ní. “Di apá kejì mú.”

Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n ló ṣíwájú, Alábíríkì tẹ̀ lé e, àbúrò tí kì í sọ̀rọ̀ ló kẹ́yìn. Aránṣọ ti wà lókè níbẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà. Alábíríkì kì í ṣe ènìyàn aláriwo, eruku pupa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì kí Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dúró sókè, bí Aránṣọ ti sọ. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ní rárá, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ti gbẹ, kò ní ba bàtà jẹ́. Kò mú wọn gba apá ọ̀tún. Apá òsì ló mú wọn lọ tààrà, ó dúró láàárín àwọn ebè òkúta náà, ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa.

Alábíríkì bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ amọ̀ díẹ̀, ó tutọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò pò ó, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí ẹran ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n wo apá òsì títí dé ìpẹ̀kun. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “ó tó ẹní kan àbí kò tó o?”

“Ó tó ẹní tí gbogbo ilé wa lè sùn lé lórí, ká sì gba àlejò.”

“Ó dáa. Sọ ọ́ fún un.”

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ yíjú sí Alábíríkì. “Ọ̀gá,” ó ní, “mi ò tà á.”

Àbúrò tí kì í sọ̀rọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ọ̀run.

“O ṣèlérí,” Ẹ̀gbọ́n ní.

“Mo ṣe é.”

“Níwájú gbogbo wa.”

“Níwájú gbogbo yín. Mi ò sẹ́.”

“Ẹyin lohùn o, ìyàwó. Bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.”

“Kó fọ́,” Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ní. “Ẹyin ló fọ́. Ilẹ̀ ò fọ́.”

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Ó ní ṣé kò lójú ni, ṣé kò rí i pé ilẹ̀ burúkú ni, pé ìdajì rẹ̀ kò wúlò fún ọmọ ènìyàn. Ó retí pé yóò jiyàn. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ kò jiyàn.

“Ilẹ̀ burúkú ni,” ó ní. “Ó ń rì, ó ń le, ó ń ṣẹ́ ọkọ́. Ọdún mìíràn, á fún mi ní nǹkan. Ọdún mìíràn, á fi mí ṣẹ̀sín lójú yín. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Tèmi ni. Àṣìṣe mi ni pé mo gbà kí ẹ máa dán an wò. Ká ní ẹ lè tà á láìsí ẹnu mi, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ì bá ti tà á kí n tó jí. Ẹnu mi lẹ wá gbà. Mo sì ti gbà á padà.”

Alábíríkì gbọn amọ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó ní òun ti gbọ́, òun kì í gbẹ́ ibi tí obìnrin bá jókòó sí, ọ̀kan ti tó òun láyé. Ó kí Ẹ̀gbọ́n pé kó má bínú. Nígbà tó fẹ́ máa gòkè, ó dúró níbi tí apá ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bóyá Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ lè ta elégédé kan fún òun, pé ìyàwó òun fẹ́ràn rẹ̀.

“Ìyẹn ni mò ń tà,” ó ní, ó sì lọ já èyí tó tóbi jù fún un.

Ìṣẹ́gun náà kò dùn bí àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe rò pé ó dùn. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tí kò lè di ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mú kò gbọdọ̀ jókòó sí pálọ̀ òun mọ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti dáhùn ìkíni rẹ̀. Àdúgbò gbọ́. Àwọn tó ń ṣẹ̀sín ẹrẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti rí ohun tuntun. Ẹnì kan ní bí Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ bá fún ọ lọ́rọ̀, kí o fi asẹ́ gbà á. Obìnrin tó jẹ́ pé wọ́n ń rokà sílẹ̀ dè é tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n sì ti wá ń ní kó kọ́kọ́ búra. Ó mọ̀ pé wọn kò purọ́ mọ́ òun. Ó jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀wà rẹ̀, ó ń gbé e mì. Nígbà tí Aránṣọ fẹ́ bá oníṣọ́ọ̀bù kan jà lórí rẹ̀, òun ló fà á lápá kúrò níbẹ̀, ó ní òótọ́ lọkùnrin náà sọ, kí wọ́n máa lọ sílé.

Òjò padà. Adágún kọ́kọ́ pọ́n, ó wá ń wú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní rẹ̀ padà. Omi bo àwọn ebè apá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ́ bí ìyọ̀, títí tí kò fi sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ àti Aránṣọ ń kó elégédé tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n yọ lójú ọ̀nà òkè, tó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀, agbòòrùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ gbé elégédé ọwọ́ rẹ̀ lé orí pákó, ó kúnlẹ̀ sínú omi bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, aṣọ rẹ̀ sì rin gbindin.

“Ẹ kú ọ̀nà o, Ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n kò wo ibẹ̀. Ó ń lọ.

“Mo ní ẹ kú ọ̀nà o.”

Agbòòrùn rẹ̀ ń lọ láàárín koríko, kò yára, kò dúró. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ kò dìde. Ó gbé ohùn sókè, débi pé àwọn ẹyẹ omi fò kúrò lápá òsì.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú òjò o!”

Ó kí i títí agbòòrùn náà fi yà sí ọ̀nà ilé. Aránṣọ ní kí ló dé tó ń fi ohùn ṣòfò lórí ẹni tí kò ní dáhùn.

“Ohùn mi ni,” Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀ ní. Ó fún omi kúrò létí aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá elégédé tó kù nínú omi.